Bí Mo Ṣe Kọ́ Ọwọ́ Yíyà ní Ìlú Afọwọ́pamọ́

Ẹ sún àga yín mọ́ ọ̀dọ̀ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ tètè wú u. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ìtàn ẹkùn tí mo pa, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti erin tó lé mi gun orí ìrókò. Àwọn ìyẹn ti sú yín, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti sú yín, nítorí pé Láwuyì máa ń sùn kí n tó dé ibi tí erin ti ṣubú. Ti òní jẹ́ ti pẹ́ńsùlù. Èmi Ọdẹ́dìran, ọdẹ ìdílé ní abúlé Ìdí-Ọsàn yìí, tí mo ti ń dọdẹ láti ọdún méjìlélógójì, pẹ́ńsùlù ni mo gbé wọ igbó iwin, pẹ́ńsùlù ni mo sì fi jáde. Ìbọn mi wà léjìká mi lọ àti bọ̀. N kò yìn ín lẹ́ẹ̀kan.

Àgùnbánirọ̀ kan tó wá kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò ló kó àwọn ìwé kan wá. Nígbà tí ọdún rẹ̀ pé, ó fún mi ní méjì nínú rẹ̀ nítorí ẹran ìgalà tí mo máa ń bù fún un. Ìwé àwọn ará ilẹ̀ Jàpáànù ni, máńgà ni wọ́n ń pè é. Láti ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń kà á bọ̀ wá síwájú, àwòrán ló sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ojú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ tóbi bí ọsàn, ẹnu wọn kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ẹsẹ̀ wọn gùn, irun wọn sì dúró ṣánṣán bí ẹ̀gún òòrẹ̀. Mo wò wọ́n, mo fẹ́ràn wọn, n kò lè sọ ìdí rẹ̀. Mo ra ìwé ìkọ̀wé, mo fi ọ̀bẹ tí mo fi ń bó awọ ẹran gbẹ́ pẹ́ńsùlù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré ọmọdé ni. Egungun ni a ń kọ́kọ́ yà: òbìrìkìtì fún orí, ìlà méjì tó dábùú ara wọn nínú rẹ̀ kí ojú má baà wọ́, ìlà tín-ínrín fún ọ̀pá ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà a ó fi orí wọn gíga ara, nítorí pé ẹni tó bá dúró gbọdọ̀ ga tó orí méje. Ìgbà yẹn la ó tó gbé ẹran wọ egungun, tí a ó wọ aṣọ fún un, tí a ó sì pa àwọn ìlà àkọ́kọ́ rẹ́. Ní ọdún kẹta, ẹni tí mo bá yà ti ń dà bí ẹni tó fẹ́ sáré kúrò nínú ìwé. Àbùkù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. N kò mọ ọwọ́ yà. Bí mo bá ti dé orí ìka, wọn kì í gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Nítorí náà, gbogbo ẹni tí mo yà ló ká ọwọ́ sẹ́yìn, tàbí kí ó kì í bọ àpò.

Ìyàwó mi Àyọ̀ká máa ń yọjú wo ìwé náà láti ẹ̀yìn mi.

"Bàbá Jọkẹ́, ṣé olè ni gbogbo àwọn wọ̀nyí ni? Kí ni wọ́n ń fi pamọ́ sẹ́yìn?"

"Bí wọ́n ṣe ń dúró nílẹ̀ Jàpáànù nìyẹn."

"Kò tilẹ̀ sí àgbàlagbà kan nínú wọn. Ẹ ya èmi náà wò."

"Mò ń bọ̀ wá yà ọ́."

Ọdún mẹ́ta ni mo fi sọ pé mò ń bọ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé mo ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí ibi tí mo lè fi ọjọ́ orí rẹ̀ sí lójú àwọn ènìyàn inú ìwé yẹn.

Ẹnu mi ló wá kó bá wa. Ní ìpàdé àwọn ọdẹ, níbi tí a ti ń jẹ àsun, mo dìde, mo ní kò sí ohun kan nínú igbó, ìbáà ṣe ẹran, ìbáà ṣe iwin, tí èmi Ọdẹ́dìran kò lè yà kí ó dìde máa rìn. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Láwuyì wà níbẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Iwin kan ń gbọ́ mi.

Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìpàdé náà, Àyọ̀ká lọ já ewé eéran ní ẹ̀bá igbó. Nígbà tó dé, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n tó rí i, nígbà tí mo sì wo ibi tí ohùn ti ń wá, n kò rí i dáadáa. Ó dà bí èéfín ìdáná. Mò ń rí ògiri láti inú àyà rẹ̀.

"Ẹ má pariwo," ó wí. "Mo pàdé baba kan lábẹ́ igi àràbà. Ó ní òun ni Agbàrísí, ọba àwọn iwin tí kò ní ara tiwọn. Ó ní òun gbọ́ pé kò sí ohun tí ọkọ mi kò lè yà. Ó fọwọ́ kàn mí níwájú orí, ó sì gba ìrísí mi lọ. Ó ní kí ẹ wá yà á jáde ní ààfin òun. Bí oòrùn ọjọ́ keje bá wọ̀ tí ẹ kò tíì yà á, ohùn mi náà yóò tẹ̀ lé e."

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Kò dùn mí. Mo kàn fẹ́ gbé omi kaná ni, n kò rí ọwọ́ ara mi. Ìyẹn ló bà mí nínú jẹ́."

Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi tí mo ti wo ojú ẹfọ̀n. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí ti ń bá mi jà, tó ń bá mi rẹ́rìn-ín. N kò fẹ́ kí ilé mi dákẹ́. Mo kó ìbọn, pẹ́ńsùlù méjì, rọ́bà tí mo fi ń pa ìlà rẹ́, àti ìwé ìkọ̀wé mi tó ṣẹ́ ku ogún ewé, mo sì sáré gba inú abúlé kọjá. Àwọn tó rí mi kò bi mí ní nǹkan kan. Àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e.

Ẹni tó bá ń retí kí n sọ bí ọ̀nà ṣe gùn tó yóò retí títí. Mo kọjá odò kan tó ń ṣàn lọ sókè, mo kọjá ibi tí àwọn igi ti ń kí ara wọn kú àárọ̀, mo sì dá wọn lóhùn nítorí pé a kọ́ mi nílé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta mo dé ẹnu ibodè ìlú kan. Mo ti ń kí olùṣọ́ ibẹ̀ kí n tó wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ojú rẹ̀ tóbi bí ọsàn, ẹnu rẹ̀ kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ojú òsì rẹ̀ sì ga ju ọ̀tún lọ. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo yà á ní oṣù kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ kò dọ́gba, mo sì fi dáná. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo rí ọlọ́rùn gígùn kan tí mo fi di ẹ̀pà, àti ọ̀kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju ara wọn lọ, tí mo jù sínú igbó lọ́jọ́ tí inú ń bí mi. Ènìyàn méjìdínlógún ni wọ́n. Ohun tí a bá ṣe tí a sọ nù, ibì kan ló ń gbé.

Gbogbo wọn ló ká ọwọ́ sẹ́yìn, àfi àwọn mẹ́ta tí tiwọn wà nínú àpò. Orúkọ ìlú wọn ni Afọwọ́pamọ́. Wọ́n ń dojú bolẹ̀ jẹun bí ewúrẹ́. Èjìká ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn. Bí eṣinṣin bá bà lé ẹnì kan, ẹnì kejì ni yóò fi ẹnu fẹ́ ẹ kúrò, ẹnu náà kò sì ju hóró ẹ̀wà lọ, nítorí náà ó máa ń pẹ́.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀ o," obìnrin kan wí. Òun ni wọ́n ń pè ní Àkọ́yà, òun ló dàgbà jù nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́ta sì ni.

"O ṣé, ọmọ mi."

"Ẹ fún wa lójú, ẹ fún wa nírun, ẹ tilẹ̀ wọ bàtà fún wa. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Tiwa dà?"

Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀. "N kò mọ̀ ọ́n yà ni," mo wí.

"A gbọ́ pé ẹ sọ níbi àsun pé kò sí ohun tí ẹ kò lè yà."

Ojú tì mí. Mo ní mo ti sọ bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀nà ààfin Agbàrísí gba inú ìlú wa kọjá," ni Àkọ́yà wí. "Ẹ kò ní kọjá títí ẹ ó fi fún wa lọ́wọ́."

Mo wo ìbọn mi, mo sì wò wọ́n. Ta ni yóò yìnbọn lu ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tí kò sì lè nawọ́ bẹ̀bẹ̀? Mo jókòó, mo ṣí ìwé. Olùṣọ́ ẹnu ibodè ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe yà á tán lórí ìwé ni ọwọ́ náà hù jáde lára rẹ̀: ìka mẹ́fà, wọ́n ṣùpọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Mo fẹ́ pa á rẹ́, ó kọ̀. Ó ti fi í họ ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tó ti ń yún un láti bí ọdún mẹ́ta, omi sì ń bọ́ lójú ńlá rẹ̀. Pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ ló fi gbà kí n yọ ìka kan.

Àkọ́yà jókòó tì mí. "Àlọ́ o," ó wí.

"Àlọ̀."

"Ọmọ ìyá márùn-ún ń gbé ilé kan. Mẹ́rin tò lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀kan yà sọ́tọ̀. Bí ọ̀kan yẹn kò bá wá bá wọn, mẹ́rin kò lè gbé nǹkan."

"Àtàǹpàkò ni."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi tò ó mọ́ àwọn yòókù?"

Mo wo ohun tí mo yà. Òótọ́ ni.

"Òmíràn nìyí. Kí ni ohun tí ọdẹ ń gbé kiri nínú igbó, tó wà níwájú rẹ̀, tí kì í wò?"

Mo ní ìbọn ni, ó ní rárá. Mo ní àpò ọdẹ ni, ó ní rárá.

"Ọwọ́ yín ni, Bàbá. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ wò ó."

Mo tẹ́ ọwọ́ òsì mi sórí itan, mo wò ó bí mo ṣe ń wo ipa ẹsẹ̀ ẹran. Mo rí ibi tí ìka ti ń ṣẹ́ po, mo rí ibi tí awọ ti ká jọ, mo rí àpá tí ìdẹ̀kùn dá sí ìka ìfábẹ̀lá mi. Mo yà á bí mo ṣe rí i. Nígbà tó kan ọ̀tún, tó jẹ́ pé òun ló di pẹ́ńsùlù mú, mo nawọ́ òsì sórí omi inú igbá kan, mo wo òjìji rẹ̀ nísàlẹ̀, mo sì yà á. Kí n tó ronú kan omi yẹn, ènìyàn méjì ti gba ọwọ́ òsì lọ́tùn-ún àti lósì. Wọn kò jẹ́ kí n tún un ṣe. Wọ́n ní ó tẹ́ àwọn lọ́rùn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi yà. Nígbà tí mo parí, ènìyàn méjìdínlógún ń pàtẹ́wọ́ fún mi, àtọkùnrin àtobìnrin, gbogbo wọn, àfi olùṣọ́ tí kò jẹ́ kí n tún tirẹ̀ yà, ló sì ní ọwọ́ èmi Ọdẹ́dìran pẹ̀lú àpá ìdẹ̀kùn. Wọ́n bu oúnjẹ, wọ́n sì ń fún ara wọn jẹ. Inú mi dùn. Mò ń yan lọ sí ààfin bí ẹni tó ti ja ogun ní àjàṣẹ́gun. Ewé méjì ló kù nínú ìwé mi.

Àárọ̀ ọjọ́ keje ni mo dé ọ̀dọ̀ Agbàrísí. Orí àpáta ló jókòó sí, àwọn iwin rẹ̀ sì yí i ká. Bí ẹ bá bi mí pé báwo ló ṣe rí, n ó bi yín pé ìgbà wo. Kí n tó kí i tán, ó ti jẹ́ àgùntàn, ó ti jẹ́ ọlọ́pàá, ó ti jẹ́ ọmọge kan tí n kò mọ̀ rí. Ìrísí ẹlòmíràn ló ń wọ̀, tó ń bọ́, bí a ṣe ń ṣe ẹ̀wù.

"Ọdẹ́dìran, o pẹ́," ó wí.

"Àwọn ọmọ ló dá mi dúró lọ́nà, Kábíyèsí."

"Òfin mi kò le. Ohun tí o bá yà lára obìnrin náà, mú un lọ. Ohun tí o kò bá yà, tèmi ni títí láé."

"Ṣé mo lè rí ìrísí rẹ̀, kí n máa wò ó yà?"

"Ta ló ti ń bá a gbé, èmi tàbí ìwọ?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìgbéraga ni mo fi ya ti àkọ́kọ́. Òbìrìkìtì, egungun, orí méje. Ojú ńlá yẹn ti mọ́ mi lára, n kò mọ òmíràn. Nígbà tí mo gbé pẹ́ńsùlù kúrò, ẹni tó dìde lórí ìwé náà lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn iwin fi ń na ọrùn wò ó. Ojú rẹ̀ ń tàn, ìbàdí rẹ̀ kéré, kò ju ọmọ ogún ọdún lọ. Láwuyì, má fi ọwọ́ bo ẹnu, mo rí ọ.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ó wí fún mi.

"Ṣé o mọ̀ mí?"

"Rárá, sà."

"Jọkẹ́ ńkọ́?"

"Ta ni Jọkẹ́?"

"Mú un máa lọ," ni Agbàrísí wí. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

N kò ní purọ́ fún yín, mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi ni, pẹ̀lú àpá ìdẹ̀kùn.

"Èyí kọ́ ni aya mi, Kábíyèsí. Ohun a ní là ń náání."

"Ewé kan ló kù fún ọ," ó wí. Ọmọge náà kí wa pé ó dàbọ̀, ó gba ọ̀nà Afọwọ́pamọ́ lọ. Mo gbọ́ pé olùṣọ́ ẹnu ibodè ló fẹ́ ẹ.

Mo jókòó ti ewé kan tó kù náà títí oòrùn fi kọjá àtàrí. N kò ya òbìrìkìtì, n kò fi orí wọn nǹkan kan. Mo di ojú. Ojú Àyọ̀ká kéré, ó sì máa ń fún un pọ̀ bó bá ń rẹ́rìn-ín. Mo yà á. Mo ya eyín iwájú rẹ̀ tó ní àlàfo, mo ya ìlà ọrùn rẹ̀, mo ya ikùn tó ti gbé ọmọ mẹ́rin, àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó yà díẹ̀. Gíga rẹ̀ kò ju orí mẹ́fà lọ. Nígbà tó kan ọwọ́, pẹ́ńsùlù dúró. Mo lè fi ipa ẹsẹ̀ mọ ìgalà tó lóyún yàtọ̀ sí èyí tí kò lóyún, ṣùgbọ́n n kò mọ bí ọwọ́ obìnrin tó ń bu oúnjẹ fún mi láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe rí. Mo sunkún níwájú àwọn iwin, n kò sì fi pamọ́.

Mo wá ń wá ọwọ́ náà bí a ṣe ń wá ẹran tó fara gbọgbẹ́, láti ibi tó ti kọjá. Ọwọ́ tó yọ ẹ̀gún ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi lọ́dún tí odò kún: àtàǹpàkò ọ̀tún, èékánná rẹ̀ là láàárín. Mo yà á. Ọwọ́ tí epo gbígbóná ta sí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ Jọkẹ́: àpá dúdú wà ní ọrùn ọwọ́ náà. Mo yà á. Ọwọ́ tó bò mí lójú lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé ìyá mi sin: àtẹ́lẹwọ́ líle, ìlà méjì tó jìn. Mo yà á, àfi òórùn àlùbọ́sà rẹ̀ tí pẹ́ńsùlù kò lè yà. Ọwọ́ òsì tó ń fa omi kànga: ìka òrùka rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń yà wọ́n ní ìka kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ọmọńdinrín òsì.

N kò rí nǹkan kan. Mo wá a káàkiri ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, n kò bá a níbì kankan. Oòrùn ti ń wọ̀. Mo wo ọmọńdinrín tèmi. Kò ṣòro fún mi láti yà mọ́, mo ti yà á yó ní Afọwọ́pamọ́, bí mo bá sì fi í síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí Àyọ̀ká máa gbé ìka mi kiri, kí n máa pè é ní tirẹ̀. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìyà, mo gbé ìwé fún Agbàrísí.

"Ọ̀kan kù," ó wí.

"Mo mọ̀, Kábíyèsí."

"Tèmi ni."

"Tiyín ni."

Ó so nǹkan kékeré kan mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì fi aṣọ bò ó kí n tó rí i. Nígbà tí mo wo ìwé mi, ó ti funfun padà. Ó ní kí n máa lọ sílé, ohun tí mo yà ti ṣáájú mi lọ.

Mo bá Àyọ̀ká lẹ́yìn ilé, ó ń sá aṣọ. Mo rí i láti orí dé ẹsẹ̀, n kò sì rí ògiri láti inú àyà rẹ̀ mọ́. Mo gbé ìbọn mi sílẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Jọkẹ́. Ẹ ti rù."

"Fún mi lọ́wọ́ òsì rẹ."

Ìka mẹ́rin ni mo rí. Ibi tó yẹ kí ìka karùn-ún wà ṣófo lójú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, ó wà níbẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń mì. Orí rẹ̀ pẹlẹbẹ. Kò ní èékánná.

"Kí ló ṣe é?" mo bi í.

"Ilẹ̀kùn yàrá yín ló há a, ọdún tí mo wọlé yín. Mo fi aṣọ dì í fún oṣù kan."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Mo rò pé ẹ rí i."

Ohun tó sọ nìyẹn, kò fi ìbínú sọ ọ́, ó sì padà sí ìdí aṣọ rẹ̀. Láràárọ̀ báyìí, kí n tó ṣe ohunkóhun, mo máa ń di ìka náà mú, n ó di ojú, n ó fọwọ́ pa á láti ìdí dé orí, n ó sì yà á. Mo mọ̀ pé kò ní padà. Ọ̀rọ̀ Agbàrísí kì í yẹ̀. Mo ti ya ìwé ìkọ̀wé mẹ́rin kún. Àyọ̀ká máa ń wò ó, á ní kò tíì jọ ọ́. Lánàá ó wò ó pẹ́, ó ní ó ti ń sún mọ́ ọn.

Ó tó, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ dìde, kí olúkúlùkù máa lọ sí ilé rẹ̀. Oòrùn kò tíì wọ̀, ìmọ́lẹ̀ tí a lè fi wo ọwọ́ ara wa ṣì wà.